Ta ni ká gbé àpérò orí ayélujára wa fún? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ àwa òbí tó ń fi Yorùbá tọ́ ọmọ ní Àbújá fẹ́ ṣe àpérò orí ayélujára ní Sátidé, ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2026. Ọjọ́ yẹn ni UNESCO yà sọ́tọ̀ fún èdè abínibí láti ọdún 1999, ó sì bọ́ sí Sátidé lọ́tẹ̀ yìí, a ò fẹ́ kó fò wá. Òbí 260 ló ti forúkọ sílẹ̀: Kubwa, Lugbe, Nyanya, Kàdúná, Kánò, Jos, Minna, títí dé Maiduguri. Ohun kan náà ló ń ṣe gbogbo wa. Ọmọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé, ó ń sọ Hausa níta, Yorùbá ni kò rí ibi sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kó má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Àkáǹtì ọ̀fẹ́ ti Zoom, ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìpàdé olójú-sójú lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, la lò. Màmá àgbà kan, ẹni ọdún 78, fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń pàlọ́ fún ọmọdé hàn wá. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ ọmọ wọn ní Gwarinpa, wọ́n wé gèlè, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Wọ́n kí wa títí, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n wá ké pé, "Àlọ́ o!" Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, 40 ìṣẹ́jú ti pé, ojú fóònù gbogbo wa ṣókùnkùn. A fi líǹkì tuntun ránṣẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n nínú èèyàn 94 tó wà níbẹ̀, 37 ló padà. Màmá rò pé àwọn ló tẹ ohun tí kò yẹ kí wọ́n tẹ̀. Wọ́n ń bẹ̀ wá. Ó dùn mí wọra. Màmá yìí náà ló máa pàlọ́ fún wa lọ́dún yìí.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Wuse ní àwọn á bá wa ṣe gbogbo ẹ̀ ní 480,000 náírà. Ẹlòmíràn ní ká san owó oṣù kan, ká ṣe é fúnra wa. Ẹnì kan tún ní ká kàn gbé e sórí YouTube, pé ọ̀fẹ́ ni. Owó tó wà lápò ẹgbẹ́ ò ju 520,000 lọ. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, kó sọ ohun tí ojú ẹ̀ rí.

Bàbá Àlàó, Kàdúná

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó, ẹ mọ̀ pé ohun méjì ni wọ́n ń tà, èèyàn sì máa ń rò pé ọ̀kan ni. Wọ́n ń ta aago, wọ́n sì ń ta àyè ìjókòó.

Zoom ọ̀fẹ́ gba èèyàn 100 fún 40 ìṣẹ́jú. Google Meet ọ̀fẹ́ àti Teams ọ̀fẹ́ gba 100 fún wákàtí kan. Tí ẹ bá wá san owó Zoom Pro, aago á gùn títí dé 30 wákàtí, àmọ́ 100 náà ni àyè ìjókòó. Kò kúrò níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gba 260, ẹ gbọ́dọ̀ ra àfikún: yálà Large Meeting, tó ń gba 500, tàbí Webinar. Mo kọ́ eléyìí lọ́nà tó le. Ní ọdún 2022 ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa níbí san owó Pro, èrò ọkàn wa ni pé ó ti parí. Èèyàn 143 wá sẹ́nu ọ̀nà, 100 wọlé, ilẹ̀kùn tì. Alága wa gan-an wà lára àwọn tó wà níta, ó ń pè mí lórí fóònù, mi ò sì rí ohun tí mo lè ṣe.

Tí ilé-iṣẹ́ Wuse yẹn bá sọ pé "a ní Zoom tí a sanwó fún," ẹ bi wọ́n ní nọ́ńbà. Èèyàn mélòó ni yóò wọlé?

Tíṣà Zaria

Bàbá Àlàó, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ àfikún méjèèjì yẹn ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni àlọ́ ti máa kú tàbí yè.

Nínú Webinar, àwọn tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ kì í hàn. A kì í rí ojú wọn, wọn kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tí ẹni tó ń darí bá ṣí ohùn fún wọn. Wọ́n á kọ ìbéèrè, wọ́n á na ọwọ́, ó tán. Ó dára púpọ̀ fún dókítà tó fẹ́ bá ẹgbẹ̀rún èèyàn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ fẹ́ pàlọ́. Ta ni yóò sọ pé "Àlọ̀"? Ta ni yóò gbe orin? Àlọ́ tí kò ní elégbè, ìròyìn lásán ni. Ọmọ á gbọ́ ọ bó ṣe ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ohun kejì sì tún wà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Dádì, ṣé àwa nìkan là ń sọ èdè yìí ní Zaria?" Mo fẹ́ kó rí ojú àwọn ọmọ mìíràn ní Kánò, ní Minna, kó gbọ́ wọn. Nítorí náà, ìpàdé tí gbogbo ojú ń hàn ni kí ẹ ṣe, kì í ṣe Webinar.

Àti pé kí ló dé tí a fi ń sá tọ dọ́là lọ? BigBlueButton wà, ètò ìpàdé bíi ti Zoom ni. Ọdún 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Carleton University ní Ottawa, torí ìkọ́ni ni wọ́n ṣe ṣe é, kò sówó lórí ẹ̀, inú bíráúsà ni wọ́n ti ń ṣí i, kò sí pé à ń gbé áàpù kankan sórí fóònù. Ẹni tó bá ní sẹ́fà tó lágbára, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìpàdé fún gbogbo èèyàn, lè gbé e kalẹ̀.

Bàbá Àlàó, Kàdúná

Tíṣà, mo gbà fún yín lórí àlọ́. Lórí sẹ́fà, mi ò gbà. Ọ̀fẹ́ ni sọ́fíwíà náà, sẹ́fà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àwọn tó ṣe é gan-an ní kí èèyàn ní kọ̀ǹpútà tó lágbára gan-an (16GB RAM àti processor tó ní core 8) kó tó fi ṣiṣẹ́ gidi, èèyàn 260 nínú yàrá kan sì lè mú un wúwo. Tó bá dákú ní ago 4:20 ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ta ni yóò gbé e dìde? Ẹ̀yin ni, Tíṣà, ẹ̀yin nìkan, ẹ̀yin náà sì wà lára àwọn olùbánisọ̀rọ̀. Jitsi, ètò ìpàdé ọ̀fẹ́ mìíràn, náà bẹ́ẹ̀. Ó dáa fún èèyàn mẹ́wàá, láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni ẹni tó bá fẹ́ ṣí yàrá ní meet.jit.si sì ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àkáǹtì wọlé. Mi ò ní gbé òbí 260 lé e lórí.

Àdùnní, Jos

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, ojú ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lẹ fi ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká wò ó láti ọwọ́ ẹni tí fóònù ẹ̀ ti fọ́ lójú.

Fídíò ẹgbẹ́ lórí Zoom lè jẹ 800MB ní wákàtí kan, tó bá mọ́ kedere ó lè tó 2.4GB. Ohùn nìkan, tí a bá ṣírò ẹ̀ ní 80 kilobit fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ju 36MB lọ ní wákàtí. Ẹ wo ìyàtọ̀! Ìyá tó ń ta ẹ̀pà ní Terminus níbí lè fi dátà ọjọ́ kan gbọ́ gbogbo àpérò náà tí a bá kọ́ ọ pé kó pa fídíò. Tí a ò bá kọ́ ọ, dátà ẹ̀ á tán kí màmá tó délẹ̀ àlọ́.

Nítorí náà, olùpèsè tí mo fẹ́ kí ẹ mú ni èyí tí fóònù kékeré lè wọlé sí, tí èèyàn sì lè yan ohùn nìkan. Ẹ má fojú tín-ín-rín YouTube náà. Ó ń gba ọ̀pọ̀ èrò, èèyàn lè fa àwòrán ẹ̀ sílẹ̀ sí 144p, èyí tí kì í jẹ dátà púpọ̀. Àmọ́ ẹ ṣí ààyè ìgbéjáde ojú ẹsẹ̀ (live) lórí ẹ̀ kí ọjọ́ tó tó, torí ìgbà àkọ́kọ́ lè gba wákàtí 24 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, tó bá sì jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ fi ṣe é, ẹ gbọ́dọ̀ ní 50 olùtẹ̀lé. Mo rí ẹgbẹ́ kan tó gbàgbé èyí, òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n mọ̀.

Alhaji, Sabon Gari

As-salaam alaykum, ẹ kú àárò ara yín. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ẹnì kankan ò sì tíì mẹ́nu ba aago tí a ó bẹ̀rẹ̀. Ààwẹ̀ Ramadan á ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Lẹ́ńtì ẹ̀yin Kristẹni náà á ti bẹ̀rẹ̀, torí Ọjọ́rú eléérú bọ́ sí ọjọ́ 18. Mo rí ago 4:00 ìrọ̀lẹ́ lórí ìwé ìpolówó yín. Ẹ forí jì mí, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àkókò ìrun Àsárì nìyẹn gan-an, lẹ́yìn ẹ̀ sì ni àwọn ìyá á wọ ilé ìdáná, torí oòrùn á wọ̀ níbí ní ago 6:30 kọjá díẹ̀. Ìyá tó ń dín àkàrà ìṣínu kò lè di fóònù mú.

Ẹ jẹ́ ká mú un ní ago 2:00 ọ̀sán. A ti kírun ọ̀sán tán, Àsárì ò tíì dé. Wákàtí kan àbọ̀ tó. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ yẹn bóyá owó wọn á yí padà tí aago bá yí.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Alhaji, Ọlọ́run á gba ààwẹ̀ yín. Ago 2:00 ló máa jẹ́, mo ti yí i padà. Ojú tì mí pé a ò rò ó.

Mo pe ilé-iṣẹ́ náà lónìí. Wọ́n ní èèyàn 500 ló máa wọlé. Mo ní ṣé a lè dán an wò pẹ̀lú èèyàn ogún ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n ní ẹ̀yìn tí a bá ti san gbogbo owó. Wọ́n sì fi fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ránṣẹ́: orúkọ òbí, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ilé, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ìbí ọmọ, ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ọ̀mọ̀wé Agbẹjọ́rò, Garki

Rárá o. Ẹ má kọ ọ́. Kí ni olùpèsè fẹ́ fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ṣe nínú àpérò wákàtí kan àbọ̀? Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 la ti ní òfin ìdáàbòbò dátà ní Nàìjíríà, àjọ tó ń mójú tó o sì wà níbí ní Àbújá. Òfin náà ní kí wọ́n gba ìwọ̀nba ohun tí iṣẹ́ nílò, ó sì ní kí òbí fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lo dátà ọmọdé. Orúkọ òbí àti ọ̀nà tí a lè gbà fi líǹkì ránṣẹ́ sí i ti tó. Ọ̀rọ̀ ààbò ló tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ní apá ibí yìí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ tí mo bá ní àdírẹ́sì ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń kó fún àjèjì.

Ẹ sì jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé ti ẹgbẹ́ ni fídíò tí wọ́n bá gbà sílẹ̀. Nígbà tí a sìnkú bàbá mi ní Ìlọrin, àwọn tó bá wa gbé e sórí ayélujára di fídíò náà mú fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n ní ká san 60,000 tí a ò jọ sọ. Àkáǹtì wọn ni wọ́n fi ṣe é, ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí kò rí ọ̀nà wá láti Jámánì ń sunkún lórí fóònù lójoojúmọ́ pé òun ò tíì rí ìsìnkú bàbá òun.

Múyìíwá Alóhùn, Lugbe

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀rọ ohùn niṣẹ́ mi, mò ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń ṣe ìpàdé. Ohun mẹ́ta tí àwọn oníṣẹ́ bí tiwa kì í fẹ́ kí oníbàárà béèrè ni mo fẹ́ tú fún yín.

Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ wa ń fi àkáǹtì kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ oníbàárà mẹ́ta, mẹ́rin. Lórí Pro, ìpàdé kan ṣoṣo ni àkáǹtì kan lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ọ̀gá bá gba iṣẹ́ ìkómọ kan mọ́ tiyín ní Sátidé yẹn, tí ẹnì kejì sì tẹ "start," tiyín lè parí lójijì. Ẹ bi wọ́n pé: ṣé àwa nìkan la ó wà lórí àkáǹtì náà láti ago 1:00 sí 4:00?

Èkejì, ìlù. Mo rí i lórí ìwé ìpolówó pé onígángan kan á wà níbẹ̀. Zoom máa ń ka ìlù sí ariwo, ó sì máa ń gbé e mì. Ẹ ó rí ọwọ́ onílù tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, àyàfi tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Nínú ètò ohùn ẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n kọ "Original sound for musicians" sí. Ibẹ̀ ni kí ẹ tàn. Tí olùpèsè bá ń wò yín lójú nígbà tí ẹ bá bi í, kò ṣe orin rí.

Ẹ̀kẹta, Tíṣà Zaria, orin ẹgbẹ́ kò lè dọ́gba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohùn Maiduguri á dé lẹ́yìn ti Kubwa, ti Kánò á sì dé láàárín. Tí èèyàn 260 bá jọ gbe orin, ariwo ọjà la ó gbọ́. Ohun tó ṣeé ṣe nìyí: kí ẹ pa ohùn gbogbo èèyàn, kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n lè ṣí i fúnra wọn. Kí ẹ yan ilé mẹ́fà. Tí màmá bá ní "Àlọ́ o," ẹni tó ń darí á ti ṣí àwọn mẹ́fà yẹn sílẹ̀, kí ilé kan gbe orin kan, ilé mìíràn gbe òmíràn. Àwọn yòókù á gbe é nílé tiwọn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, ohùn ní pípa. Ojú wọn á ṣì máa hàn, ọmọ Tíṣà á sì rí ẹnu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tó ń ké "Àlọ̀."

Lórí YouTube, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà kejì fún àwọn tí Àdùnní sọ. Ó máa ń pẹ́ lẹ́yìn díẹ̀, torí náà ẹni tó wà níbẹ̀ ń wò ni, kò lè dáhùn.

Àdùnní, Jos

Ilé mẹ́fà! Ẹ jẹ́ kí ilé wa jẹ́ ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ orin Ìjàpá àti bàbá àna ẹ̀.

Bàbá Àlàó, Kàdúná

Mo ti gbàgbé ohun kan. Ẹ rántí oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì já lẹ́bàá Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń rá pálá káàkiri. Ẹ tún rántí oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà nígbà tí ìlà iná Shiroro sí Kàdúná àti Ugwuaji sí Apir bàjẹ́, tí Àríwá fi wà lókùnkùn lọ́jọ́ púpọ̀. Ilé wa wà nínú ẹ̀, ẹran fìríìjì wa rà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń darí jẹ́ ẹnì kan níbì kan. Kí ọ̀kan wà ní Àbújá, kí igbákejì tó ní àṣẹ kan náà wà ní ìlú mìíràn, lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mìíràn. Olùpèsè tó bá ní èèyàn kan péré níwájú kọ̀ǹpútà kan péré, kò tíì pèsè nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ owó: tí ẹ bá ra àkáǹtì fúnra yín, dọ́là ni. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 460 náírà kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé ti ju 1,500 lọ kí 2024 tó parí. Ẹ ra ti oṣù kan, ẹ má ra ti ọdún, kí ẹ sì pa ìsanwó aládàáṣe ẹ̀ lọ́jọ́ kejì àpérò.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti pinnu, a sì ti dán an wò lálẹ́ àná.

A ò fún ilé-iṣẹ́ Wuse. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè Múyìíwá nípa àkáǹtì, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Mo tún un bi, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo gbà nìyẹn. A ra àkáǹtì tiwa fún oṣù kan, pẹ̀lú àfikún tó gba 500. Múyìíwá ló máa darí láti Lugbe, 120,000 náírà, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti ẹgbẹ́ ni fídíò. Bàbá Àlàó ni igbákejì ní Kàdúná. Orúkọ òbí àti nọ́ńbà WhatsApp nìkan la gbà, mo ti pa àwọn yòókù rẹ́ nínú fọ́ọ̀mù.

Èèyàn 41 ló wọlé lálẹ́ àná. Onígángan kọ́kọ́ lù ú, a ò gbọ́ nǹkan kan, àfi bí ẹni ń gbọn ẹní. Múyìíwá ní kó dúró, ó darí ẹ̀ lórí fóònù síbi tó yẹ kó tẹ̀, ó tún lù ú, ìlù náà sì kọ orúkọ Màmá kedere débi pé wọ́n dìde dúró. Àwọn ọmọ Àdùnní gbe orin. Ìyá kan ní Maiduguri pa fídíò, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó ní dátà òun ò tó 30MB tó lọ.

Ohun tó kù ni iná. Pálọ̀ Gwarinpa ni Màmá máa jókòó sí, jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀ sì ń pariwo jù fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ta ló ní ínfátà kékeré tó ṣeé gbé?

Ọ̀mọ̀wé Agbẹjọ́rò, Garki

Mo ní ọ̀kan, ó máa ń gbé fáànù àti láàpútọ́ọ̀pù fún bíi wákàtí mẹ́rin. Màá gbé e wá fún Màmá ní Ọjọ́bọ̀, kó lè rí ọjọ́ méjì gba iná kún. Ẹ fi nọ́ńbà ilé ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí.